Ìwọ Nìkan Ló Kù

"Gbogbo ìyàwó ilé tó wà n'Ílá ló ti ń fi ọṣẹ yìí fọṣọ! Ìyá àgbà ń lò ó, ìyàwó ọ̀ṣìngín ń lò ó! Ìwọ nìkan ló kù!"

Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá aláwọ̀ ìyeyè kan ni ohùn náà ti ń jáde. Gbohùngbohùn méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan kọjú síwájú, ọ̀kan kọjú sẹ́yìn, kí ẹni tó bá ráyè sá fún ti iwájú má baà bọ́ lọ́wọ́ ti ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gba ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Fádùnní Ògúntóyìn gbé ìwé kúrò lórí itan, ó dìde lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì lọ dúró sáàárín títì.

Ẹni tí kò bá mọ Fádùnní lè rò pé orí rẹ̀ ti gbóná. Ó kúkú gbóná lóòótọ́. Láti aago mẹ́jọ ló ti ń wo bébà òfìfo. Olùkọ́ wọn ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, Ìyáàfin Elizabeth Ẹfúnróyè, ló ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí àwọn ọgbọ́n ìpolongo ẹ̀tàn tó wà nínú ìwé eré onítàn tí wọ́n ń kà ní kíláàsì. Nínú eré náà, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Àjàṣá fẹ́ fi èrú jọba. Ó gba akéde kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, akéde yìí sì ń kéde káàkiri pé ìdílé tí oyè tọ́ sí ti da májèlé sódò. Ìlú gbà á gbọ́, wọ́n sì lé ìdílé náà jáde.

Pé irọ́ ni, Fádùnní mọ̀. Ohun tí kò yé e ni bí irọ́ kan ṣoṣo ṣe rí ọ̀nà wọ etí odidi ìlú. Ìyẹn ló ń rò lọ́wọ́ tí ọlọ́ṣẹ yìí ń pariwo sí i létí.

Kẹ̀kẹ́ náà dúró gbàgà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń wà á yọrí, ó dúdú, ó gùn, eyín iwájú rẹ̀ sì ní àlàfo kékeré kan láàárín.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Fádùnní wí. "Mo ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ti ka àwọn ìyàwó ilé Ìlá?"

"Kí n kà wọ́n báwo?"

"Ẹ ní gbogbo wọn ló ń lo ọṣẹ yín. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí màmá mi ti ń gbé ìlú yìí, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń lò. Èmi náà kò lò ó rí. Ta wá ni 'gbogbo'?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe ìyàwó ilé," ló fi dáhùn. "Àbí ẹ ti lọ́kọ ni?"

Ẹ wo ìbéèrè! Fádùnní fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló sì jáde. Bí ẹ̀rín bá ti jáde báyẹn, ọ̀rọ̀ ìbínú ti tán nìyẹn.

Olúkúnlé Dáhùnsí lorúkọ rẹ̀. Oṣù kan péré ló ti dé láti Ìbàdàn, níbi tó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún rédíò. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa gbohùngbohùn, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò. Fádùnní ṣàlàyé àròkọ rẹ̀ fún un. Ó ní mẹ́fà ni ọgbọ́n tí akéde inú eré náà lò: ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lásọtúnsọ, ó ń ní gbogbo ìlú ló ti gbà, ó ń dẹ́rù bani, ó ń sọ ọmọlúwàbí lórúkọ burúkú, ó ń fi ẹni ńlá ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀, ó ń fi ìdajì yòókù pamọ́.

"Ọgbọ́n kejì ni tìrẹ," ni ó wí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti bọ́ ẹ̀wù "ẹ" sílẹ̀. "Gbogbo ayé ti ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n fi òun sẹ́yìn."

Olúkúnlé la ẹnu sílẹ̀. "Ó lórúkọ? Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe é!"

Láti ọjọ́ yẹn, bí kíláàsì bá ti parí, kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ìyeyè yóò ti wà lábẹ́ máńgòrò. Olúkúnlé a máa fi fóònù gbé àwọn ìpolówó rẹ̀ àtijọ́ jáde, Fádùnní a máa wá ọgbọ́n tó wà nínú wọn, wọn a sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kan, ó dé orí ọ̀kan, ó sì yára fò ó.

"Kí nìyẹn?"

"Ìyẹn kò dára," ló wí, kò sì wo ojú rẹ̀. Fádùnní kò bi í mọ́.

Olúkúnlé náà ló la ojú Fádùnní sí ohun tó dára jù nínú àròkọ náà. Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, Olúkúnlé kàn dédé ní, "Dùnní, má kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú yẹn gọ̀. Èèyàn kì í gba irọ́ gbọ́ nítorí pé ó gọ̀. Ohun tí irọ́ náà ṣèlérí ni ọkàn rẹ̀ ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ebi kò bá pa, o ò lè fi oúnjẹ purọ́ fún un."

Fádùnní kọ ọ́ sílẹ̀ wéré. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wò ó, ó sì mọ̀ lọ́gán pé òun ti kó sí i. Ìfẹ́ ọ̀dọ́kùnrin yìí ti gba òun lọ́kàn, kò sì sí ẹni tó polówó rẹ̀ fún òun.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, obìnrin a máa níwà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Olúkúnlé sọ ọ́, nínú kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú òjò wẹ́liwẹ́li lórí òrùlé rọ́bà.

"Fádùnní, mo fẹ́ràn rẹ."

"Ọgbọ́n wo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyẹn?"

"Kò sí níbẹ̀. Mo wá a, mi ò rí i."

Inú Fádùnní dùn débi pé ó gbàgbé agboòrùn rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé nínú òjò.

Àwa Ìgbómìnà kì í fẹ́ra nínú kẹ̀kẹ́ títí ayé ṣá. Ó di dandan kí ọmọkùnrin yọjú sí bàbá ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Olúkúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ Bàbá Ògúntóyìn. Ẹ̀rù àna ń bà á, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà" rẹ̀ kò sì ju ohùn ẹ̀fọn lọ.

Àgbẹ̀ ni Bàbá Ògúntóyìn, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ọ̀rà. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Ó fẹ́ràn ìtàn, bó sì ti gbé omi fún àlejò tán ló bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o rí ayé yìí, ọmọ mi? Ẹnu ló bà á jẹ́. Ọdún méjì sẹ́yìn, mo ní irúgbìn tí bàbá mi ti ń gbìn kí wọ́n tó bí mi. Mo lọ sí Ọ̀rà lọ́jọ́ ọjà, bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan nìyẹn. Ohùn náà dùn! Ó ní àgbàdo tuntun dé, ọmọ mẹ́ta lórí igi kan."

Fádùnní ń rẹ́rìn-ín sínú. Ta ni kò mọ ìtàn àgbàdo yìí nílé wọn? Ṣùgbọ́n Bàbá kì í sọ ọ̀rọ̀ tí akéde náà sọ gan-an, èébú ló máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó bọ̀wọ̀ fún àlejò, ó gbé èébú tì.

"Ó ní, 'Gbogbo Ìgbómìnà ti gbìn ín! Ìwọ nìkan ló kù!' Mo ní háà! Èmi nìkan? Mo rà á. Mo gbìn ín sí ìdajì oko mi. Ṣé o mọ ohun tó hù? Koríko!"

Omi gba ọ̀nà òfun Olúkúnlé tí kò yẹ kó gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Ẹ̀rín Fádùnní gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọlọ́jà ti sá lọ, mi ò mọ̀ ọ́n," ni Bàbá ń bá a lọ, ó sì ń gbá àlejò lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ṣùgbọ́n ohùn yẹn, bí mo bá gbọ́ ọ láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn, n óò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ náà, òun àti èmi yóò jọ rí i. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí lo wí?"

Olúkúnlé mi orí. Títí wọ́n fi jẹun tán, kò wí nǹkan kan.

Ní ẹnu ọ̀nà, Fádùnní dì í lápá mú. "Ìwọ ni?"

"Èmi ni." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bébà ni ọlọ́jà náà fún mi, mo kà á. Nígbà tí mo gbọ́ pé kò hù, ojú tì mí, mo sá lọ sí Ìbàdàn. Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ wà lára wọn. Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi, ó parí nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ má dá Fádùnní lẹ́bi jù. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, kò sì sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, nígbà náà. Ṣáà dákẹ́ títí a ó fi ṣègbéyàwó."

"Títí a ó fi bímọ kan," ni Olúkúnlé wí. "Wọn kò ní lè lé mi mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pinnu.

Bí ọkùnrin tó ń fi ẹnu jẹun ṣe di adákẹ́ nílé àna rẹ̀ nìyẹn. Olúkúnlé yóò wá, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò mi orí, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò húkọ́ díẹ̀, yóò lọ. Inú Bàbá dùn dé gongo.

"Ọmọ yìí gbọ́n," ló ń wí. "Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Irú rẹ̀ ni mo ń wá."

Ọkàn Màmá nìkan ni kò balẹ̀. "Fádùnní," ni wọ́n bi í nínú ilé ìdáná, "sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọmọ yìí kì í ṣe odi?"

Bàbá Àmúdà, ẹ̀gbọ́n bàbá Olúkúnlé, wá kànlẹ̀kùn. Bàbá Ògúntóyìn gbà, ó ní kí àwọn àgbà Dáhùnsí wá tọrọ ọmọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó yẹ kí Fádùnní máa jó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí Bàbá bá ti yin ìdákẹ́jẹ́ Olúkúnlé, ṣe ni Fádùnní máa ń sá wọ ilé ìdáná.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Ìyáàfin Ẹfúnróyè dá àròkọ padà kí wọ́n lọ tún un ṣe. Tàdáwà pupa ni wọ́n fi kọ̀wé sísàlẹ̀ ti Fádùnní: "O kú iṣẹ́. O ti túdìí ẹnu tó purọ́. Àbẹ̀ní ìyàwó akéde ńkọ́? Láti ojú ìwé kẹwàá ló ti mọ òótọ́, ó sì dákẹ́. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ara ọgbọ́n ẹ̀tàn? Tún sọ fún wa, bí a bá ti dá irọ́ mọ̀ tán, báwo la ṣe ń dá òtítọ́ mọ̀?"

Fádùnní mú gègé. Ó kọ ọ́ pé: "Àbẹ̀ní fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, nítorí náà ó fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́." Ó wo ohun tó kọ. Ó ka àwọn ọgbọ́n náà látòkè délẹ̀, ó dé orí ẹ̀kẹfà, ó sì rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sí i. Ojú tì í. Ó pa ìwé dé, ó sì gba ọ̀nà ilé Dáhùnsí lọ.

"A máa sọ fún Bàbá," ló wí fún Olúkúnlé.

"Dùnní, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré!"

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá lanu, mo pàdánù rẹ nìyẹn. Láyé mi, mi ò ní nǹkan mìíràn. Jẹ́ ká dákẹ́."

"Kúnlé, bàbá mi ń fi ẹ́ yangàn káàkiri. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà lóko pé àna àwọn kì í purọ́, nítorí kì í sọ̀rọ̀. Ṣé o mọ bí ó ṣe ń rí lára mi? Bí o ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Olúkúnlé bínú. Ó ní ìwé àkàjù ló ń dà á láàmú. Fádùnní náà bínú, ó ní ìwé àìkà ló da Olúkúnlé láàmú, bó bá ka bébà àgbàdo dáadáa ni, kì bá tí polówó rẹ̀. Ó jáde, kò wẹ̀yìn. Ó sunkún dé àárín ọ̀nà, ó nu ojú, ó sì tún sunkún délé.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, fóònù kò dún. Ẹnu Fádùnní wúwo, kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá. Ó pinnu pé tó bá di ọjọ́ Sátidé, tí Bàbá kò ní lọ sóko, òun yóò kúnlẹ̀ kí òun sọ ọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá wà lẹ́yìnkùlé, orín lẹ́nu rẹ̀, Màmá ń gbálẹ̀. Fádùnní ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ní ahọ́n nígbà tí gbohùngbohùn dún lójú títì.

"Ẹ̀yin ará Ìlá, ẹ káàárọ̀ o. Olúkúnlé Dáhùnsí lorúkọ mi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi ni mo polówó irúgbìn àgbàdo kan n'Ílá, ní Ọ̀rà, ní Ọ̀tan Ayégbajú àti ní Ìgbájọ. Mo ní gbogbo Ìgbómìnà ti gbìn ín. N kò rí ẹnì kan tó gbìn ín. Èmi náà kò gbìn ín. Wọ́n fún mi ní bébà, mo kà á, àgbàdo náà kò sì hù. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti lọ sí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù láti àná, Ìlá ló kẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Ó tán."

Orín bọ́ lẹ́nu Bàbá. "Ohùn yẹn!" ló ké. "Òun nìyẹn! Òun gan-an nìyẹn!" Ó gba àárín ilé já síta, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Màmá sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú ìgbálẹ̀, Fádùnní sáré tẹ̀lé Màmá.

Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ti dúró síwájú ilé wọn. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Ìwọ?" ni Bàbá wí.

"Èmi ni, sà. Ẹ foríjì mí." Ohùn rẹ̀ gangan ni, ó kún, ó dùn, ó sì ń gbọ̀n.

"Yéè!" ni Màmá wí. "Kì í ṣe odi!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá bú Olúkúnlé ní ojúlówó Ìgbómìnà, irú èyí tí ọmọlúwàbí kì í kọ sínú ìwé. Kì í ṣe àgbàdo ló dùn ún jù, ó ní. Oṣù méjì tí ọmọ yìí ti ń mu omi òun tó sì ń húkọ́ ni. Fádùnní kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, èmi náà mọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo ní kó dákẹ́."

Bàbá wo àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà kejì, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá.

Ọjọ́ méjì ni Bàbá Ògúntóyìn, ọlọ́rọ̀ púpọ̀, kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé. Oúnjẹ ń wọlé, àwo ń jáde, kò sí "ẹ kú iṣẹ́ ọbẹ̀". Fádùnní kò mọ̀ pé ilé lè dákẹ́ tó báyẹn. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Olúkúnlé.

"O ní gbogbo Ìgbómìnà ti gbìn ín," ló wí. "Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o ti gbin nǹkan kan rí?"

"Rárá, sà."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ rọ̀ ju ti ọmọ mi lọ. Ilẹ̀ tí àgbàdo rẹ ti kọ̀ wà níbẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà. Òjò ṣì ń rọ̀. Lọ gbìn ín. Wá irúgbìn tó bá wù ọ́, n kò ní bá ọ wá a. Bó bá hù, kí àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ ọmọ. Bí kò bá hù, máa bá kẹ̀kẹ́ rẹ lọ."

"Bàbá," ni Fádùnní sọ, "bí àparò bá hú u jẹ ńkọ́?"

"Kó lé àparò. Ṣebí ó ní ohùn."

Màmá yíjú sí ògiri, èjìká wọn sì ń mì.

Olúkúnlé lọ bá Bàbá Àmúdà. Bàbá náà mú un wọ ilé ìdáná, ó nawọ́ sókè, ó sì já ṣírí àgbàdo mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ àjà lókè ààrò, tí èéfín ti sọ wọ́n di dúdú kí kòkòrò má baà wọ̀ wọ́n. "Èyí hù lọ́dún tó kọjá, ó hù lọ́dún tó ṣíwájú rẹ̀," ló wí. "N kò ní ìpolówó kankan fún un."

Akéde di àgbẹ̀. Ó ro oko títí ọwọ́ rẹ̀ fi lé ròrò. Ó kọ ebè wọ́rọkọ̀wọ́rọkọ̀. Ọjọ́ tó gbìn ín tán, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì ń lé àparò, ohùn rẹ̀ sì ń dé Ọ̀rà, títí àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí fi ń béèrè pé ta ló kú. Láràárọ̀, Fádùnní a máa gbé oúnjẹ lọ fún un kó tó lọ sí kíláàsì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá parí oúnjẹ, wọn a di ọwọ́ ara wọn mú, ọ̀kan rọ̀, èkejì ti ń yi.

Ọjọ́ kìíní, kò sí. Ọjọ́ kẹta, kò sí. Lọ́jọ́ kẹrin, Olúkúnlé ní òun fẹ́ wú ọ̀kan wò. Fádùnní gbá a lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí wọ́n dé oko. Olúkúnlé ló ṣáájú. Ó dúró lójijì, ó lóṣòó. Ẹni tó ń ké sí ìlú mẹ́rin kò lè gbé ohùn sókè.

"Dùnní," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó hù."

Lórí ebè wọ́rọkọ̀wọ́rọkọ̀ yẹn, ewé tútù kéékèèké ti yọrí, méjìméjì, mẹ́tamẹ́ta, dé òpin oko. Olúkúnlé ń sunkún, Fádùnní ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dì mọ́ra débi pé ìrì mú aṣọ àwọn méjèèjì tutù.

Wọ́n fẹ́ sáré lọ sọ fún Bàbá, ni Fádùnní bá rí nǹkan kan ní ìdí ebè. Ipasẹ̀ bàtà ni, èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti já níhà ọ̀tún. Ó mọ bàtà náà dáadáa. Ipasẹ̀ tòní wà níbẹ̀, ti àná wà níbẹ̀, ti ìjẹta náà sì wà níbẹ̀. Bàbá ti ń ṣáájú wọn débẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ti fi ẹ̀gún dí ibi tí òkété ń gbà wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fádùnní jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó sì kọ ìparí àròkọ rẹ̀ láìgbé gègé. Ó kọ nípa Àbẹ̀ní, kò dá a sí. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé: "Ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn a máa kánjú. Ó fẹ́ kí o rà á lónìí, kí o pariwo lónìí, kí o lé ẹnìkejì rẹ jáde lónìí. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ gbà kí o gbin òun, kí o sì dúró. Ẹni tó sọ ọ́ yóò bá ọ dúró ní ìdí ebè." Ìyáàfin Ẹfúnróyè fún un ní máàkì tó ga jù ní kíláàsì, wọ́n sì fi tàdáwà pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Nígbà tí àgbàdo náà gbó tó sísè, àwọn Dáhùnsí wá tọrọ ọmọ. Pálọ̀ Bàbá Ògúntóyìn kún, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo tútù kalẹ̀ láàárín, ọmọ kan ṣoṣo lórí igi kan, kò sì sẹ́ni tó sọ pé mẹ́ta ni. Bàbá Àmúdà sọ̀rọ̀ fún wọn. Ó fẹ́ jókòó, ni Bàbá Ògúntóyìn bá gbé ọwọ́ sókè.

"Àṣà ni pé kí àgbà sọ ọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ọmọ yìí tó. Kí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Olúkúnlé dọ̀bálẹ̀. "Mo fẹ́ràn Fádùnní, sà. Ẹ̀rù bà mí, mo sì tàn yín jẹ. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó tán síbẹ̀.

Fádùnní ń wá ọgbọ́n nínú rẹ̀ nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Kò rí ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ṣú fún omijé ayọ̀.

Bàbá yíjú sí i. Ó tún fìlà ṣe, ó wúkọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu bíi gbohùngbohùn. "Ilé Dáhùnsí ti gbà!" ló ké. "Ìyá rẹ ti gbà! Èmi tí wọ́n fi àgbàdo tàn ti gbà! Gbogbo Ìlá ti gbà! Ìwọ nìkan ló kù!"

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Olúkúnlé fi ọwọ́ bo ojú.

"Bàbá," ni Fádùnní wí, "ọgbọ́n kejì nínú àròkọ mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo kà á. Irọ́ ni àbí òótọ́?"

Fádùnní bẹ̀rẹ̀ sí wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ní kí ọlọ́ṣẹ ka àwọn ìyàwó ilé lọ́jọ́sí. Ó wo Bàbá Àmúdà, baba náà mi orí. Ó wo àwọn àgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n mi orí. Ó wo Màmá, wọ́n ti ń fi etí ìró nu ojú. Ó wo Olúkúnlé, tí ọwọ́ rẹ̀ ti yi, tí àlàfo eyín rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó kà wọ́n pé.

"Òótọ́ ni, sà," ló wí. "Èmi nìkan ló kù. Mo gbà."